Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Tó Ń Ta Máíkírósíkóòpù Tòkunbọ̀ fún Àwọn Atúnfóònùṣe

Ẹni tó ń tún pánẹ́ẹ̀lì fóònù ṣe lónìí, yálà ní Computer Village, Ìkẹjà, tàbí ní ìsọ̀ kékeré ẹ̀bá títì, nílò máíkírósíkóòpù olójú méjì. Àwọn èròjà orí pánẹ́ẹ̀lì ti kéré kọjá ohun tí ojú lásán lè bójú tó: èyí tí wọ́n ń pè ní 0201 kò ju mílímítà 0.6 ní gígùn àti 0.3 ní ìbú lọ, 01005 sì tún kéré sí i. Nínú irinṣẹ́ yìí, ojú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wo ohun kan náà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí ẹnu ẹ̀mú ṣe jìnnà sí pánẹ́ẹ̀lì tó. Kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà kò lè ṣe é. Àwòrán rẹ̀ pẹlẹbẹ ni, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀lé ọwọ́.

Tuntun tó dára wọ́n, nítorí náà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń wá. Bí wọ́n ṣe ń tà á ni kò dára. Iye ìlọ́po tó fi ń sọ nǹkan di ńlá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, òun náà ni wọ́n fi ń dá owó lé e. Àṣìṣe gbáà ni. Orí máíkírósíkóòpù tó wọ́pọ̀ máa ń lọ láti ìlọ́po 7 dé 45, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ jíjó lẹ́ẹ̀dì wà láàárín 7 sí 20. Ní ìlọ́po 45, ibi tí ojú ń rí kò tó mílímítà 5 ní fífẹ̀. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá sì gbéra díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣú.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni àyè tó wà láàárín lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ àti pánẹ́ẹ̀lì. Lára ọ̀pọ̀ orí, àyè náà kò ju nǹkan bíi mílímítà 100 lọ. Irin ìjólẹ́ẹ̀dì, ẹ̀mú àti ẹnu ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í ráyè yí síbẹ̀, ooru sì ń ta bá lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì àfikún 0.5 tí wọ́n ń dè mọ́ ìsàlẹ̀ ló ń yanjú rẹ̀: ó ń mú kí àyè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ó ń fẹ ibi tí ojú ń rí, ó sì ń sọ ìlọ́po 7 sí 45 di 3.5 sí 22.5, èyí tó bá iṣẹ́ náà mu gan-an. Kò bójú mu kí wọ́n ta orí fún atúnfóònùṣe láì dárúkọ lẹ́ńsì yìí fún un, tàbí kí wọ́n fún un ní èyí tí ojú ìdè rẹ̀ kò bá ti orí mu.

Irinṣẹ́ tó ti ilé ẹ̀kọ́ wá sábà máa ń ní ẹsẹ̀ kúkúrú tí wọ́n ṣe fún wíwo kòkòrò tàbí òkúta. Pánẹ́ẹ̀lì fóònù lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ní wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ alápá gígùn tí ìdí rẹ̀ wúwo ló yẹ, nítorí bí apá bá ń gbọ̀n, lẹ́ńsì á sọ ìgbọ̀n náà di ńlá pẹ̀lú. Kí wọ́n tó so orí kan mọ́ ẹsẹ̀ mìíràn, kí wọ́n wọn òrùka tó gbé e dúró. Mílímítà 76 ló wọ́pọ̀, àmọ́ ti Bausch & Lomb StereoZoom, tó jáde ní 1959, tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ìpalára pọ̀ sí jù ni títa èyí tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba mọ́. Irinṣẹ́ tó bá ti já lulẹ̀ rí, tàbí tó fara gbá kiri nínú kọ̀ǹténà, gíláàsì inú rẹ̀ lè yẹ̀ kúrò ní ipò. Ẹni tó ń wò ó á máa rí nǹkan kan ní méjì, tàbí kí orí máa fọ́ ọ kó tó di ọ̀sán. Àwọn kan a sì sọ fún un pé ojú á mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ ìkà ni. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le rárá: kí wọ́n fi àmì kékeré kan sí àárín, kí wọ́n dijú kan, kí wọ́n sì tún dí èkejì, àárín náà ni àmì gbọdọ̀ wà fún ojú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú un ṣe kedere ní ìlọ́po tó ga jù, kí wọ́n wá dín in kù. Bí ó bá ṣú, tí yíyí ojú ìwòran kò sì mú un bọ̀ sípò, àtúnṣe ni orí náà ń fẹ́. Èbu tún wà, pàápàá fún irinṣẹ́ tó pẹ́ níbi tó lọ́rinrin. Bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀, èbu á hàn bí òwú aláǹtakùn lójú lẹ́ńsì. Tó bá sì ti jẹ gíláàsì, fífọ̀ kò lè mú un kúrò.

Iná LED tó yí lẹ́ńsì ká tó fún ìmọ́lẹ̀. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó ṣeé pààrọ̀ gbọdọ̀ wà lábẹ́ lẹ́ńsì pẹ̀lú, nítorí èéfín tó ń rú nígbà tí wọ́n bá ń jó lẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wà fún àwọn olùtà: kí wọ́n kọ àyè abẹ́ lẹ́ńsì àti ìwọ̀n òrùka sára gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n bá gbé síta, kí wọ́n sì jẹ́ kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ méjèèjì wo pánẹ́ẹ̀lì dáadáa kó tó sanwó.