Orúkọ Wa Kì Í Ṣe Ọjà Títà



Àwọn kan ń yí ìsọ̀ ká, wọ́n ní owó ìrànwọ́ dé. Wọ́n á fún wa lówó ọbẹ̀, wọ́n á gba NIN wa, wọ́n á ya fọ́tò wa. Ká má gbà! Wọ́n lè fi gba síìmù lórúkọ wa, kí wọ́n fi lu jìbìtì. Ọ̀dọ̀ wa ni ọlọ́pàá máa wá. Wọ́n lè fi yáwó, kí gbèsè di tiwa.

Àwọn mìíràn á pè: "Màmá, báǹkì ni o, ẹ ka nọ́ńbà tó wọlé fún wa." Irọ́ ni! Báǹkì kì í béèrè ìyẹn, kì í béèrè PIN. Bí fóònù bá sọnù, ẹ sáré ní kí báǹkì dá àkáǹtì yín dúró.

Ẹ má sọ pé kí ni wọ́n fẹ́ jí lára aláta. Owó àjọ wa ńkọ́?

Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má gba NIN tàbí BVN nínú ọjà yìí láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ wádìí rẹ̀. Àwa náà, ká yé pe PIN sókè fún ọmọ oní-POS. Ká fọwọ́ ara wa tẹ̀ ẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.