Iná Dé: Ẹ Má Tíì Tan Ẹ̀rọ Orin

Ẹ̀yin ará wa ní Jọ́ọ̀sì, a kí bàbá àti ìyá ìkókó kú ewu ọmọ. Olúwa yóò wò ó. Ohun tó dùn wá ni àǹpílífáyà bàbá ìkókó, tó jó lójú gbogbo wa nígbà tí iná lọ tó sì dé wàà. Ẹnu ya àwọn kan, nítorí sitabiláísà wà níbẹ̀.

Sitabiláísà kọ́ ló jẹ̀bi o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé iná tó rẹlẹ̀ sókè, kó sì rẹ èyí tó ga sílẹ̀, kó lè súnmọ́ fóltì 230. Iná òjijì a ti kọjá kó tó mira. Sọ́ọ̀jì pùrótẹ́tọ̀ ló ń darí irú rẹ̀ gba inú ilẹ̀ lọ, bí wáyà ẹ́ẹ̀tì ilé bá dára. Àwọn ilé mìíràn tí a ń háyà kò sì ní in rárá. Ẹ bi onílé yín.

Bí iná bá lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Bí àwọn ọmọ bá pariwo “Ọ́ọ̀pù NEPA!”, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5. Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ wáyà eríà pẹ̀lú. Àrá a máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹgbẹ́ ti gbà kí bàbá ìkókó máa lo àǹpílífáyà gbọ̀ngàn wa títí di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.