Owó yunifásítì ọmọ: JSS1 ló yẹ kí òbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú jọ, kì í ṣe SS3

Bí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ Òwu tó lókìkí jù lọ, ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò dárúkọ ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó ṣe olórí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Baptist Boys' High School, l'Abẹ́òkúta, ó yege ìdánwò àtiwọ yunifásítì Ìbàdàn, àmọ́ owó tí yóò fi lọ ni kò sí. Iṣẹ́ ológun ló wọ̀ lọ́dún 1958. Nígbà tó fi máa gboyè ọ̀mọ̀wé ní National Open University, ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì yí padà lónìí: ọpọlọ nìkan kọ́ ló ń gbé ọmọ dé yunifásítì.

Síbẹ̀, l'Òwu àti káàkiri Abẹ́òkúta, bí ọmọ bá ti wọ JSS1, tí wọ́n ra aṣọ ilé-ìwé àti ìwé fún un, ọ̀pọ̀ òbí á ní ó tán. Ọ̀rọ̀ yunifásítì di ìgbà tó bá dé SS3. Ìgbà náà ni gbogbo ìnáwó máa ń kóra jọ sójú kan: owó WAEC, owó NECO, fọ́ọ̀mù JAMB, owó lẹ́sìn. Ìyá tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú á sáré lọ yáwó èlé. Ọmọ kò tí ì wọlé, gbèsè ti wọlé.

Iṣẹ́ tí ọmọ yóò kọ́ náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn JSS3 ló máa ń yan èyí tí yóò gbájú mọ́. Ẹni tó fẹ́ di dókítà kò lè ṣaláì ní Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì. Ẹni tó fẹ́ ṣe akáúńtàǹtì kò lè sá fún Ìṣirò. Ọmọ tí Ìṣirò ti dojú rú mọ́ lọ́wọ́ láti JSS1, lẹ́sìn oṣù mẹ́ta ní SS3 kò lè tún un ṣe. Á tún WAEC ṣe, á tún fọ́ọ̀mù JAMB rà, á sì jókòó sílé fún ọdún kan sí i. Ọlọ́jà tó ra ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó tà á lẹ́ẹ̀kan, èrè wo ló fẹ́ jẹ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òbí tó bá ń fi ẹgbẹ̀rún kan náírà pamọ́ lọ́sẹ̀ yóò ní ₦52,000 lọ́dún. Láti JSS1 títí dé òpin SS3 jẹ́ ọdún mẹ́fà, ìyẹn ₦312,000. Ẹni tó bá dúró di SS3, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni yóò máa wá lọ́sẹ̀ kó tó lè bá a.

Àmọ́ kóló kọ́ ni kí wọ́n kó owó ọ̀hún sí, nítorí ọ̀wọ́n ọjà ń jẹ owó tó bá jókòó lásán. Aláàjọ kì í san èlé, ó tún máa ń yọ ti ọjọ́ kan nínú oṣù. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sàn jù, nítorí wọ́n máa ń pín èrè, wọ́n sì ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó. Bí ọjà bá sì ṣe ń gbówó lórí ni kí iye tí wọ́n ń dá máa lọ sókè.

Àwọn kan á ní ìjọba ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Òótọ́ ni. Ọdún 2024 ni NELFUND bẹ̀rẹ̀ sí í yá wọn, owó náà kò sì ní èlé. Àmọ́ ẹni tó bá ti rí ilé-ìwé gíga ìjọba wọ̀ ni wọ́n ń yá. Kì í san owó WAEC, kì í ra fọ́ọ̀mù JAMB, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọ́ ọmọ ní Ìṣirò tí kò gbọ́ ní JSS2.

Nítorí náà, òbí tó bá lọ sípàdé PTA lọ́dún yìí, kó má wulẹ̀ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n fẹ́ gbà nìkan. Kó béèrè bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe sí nínú Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, kó sì béèrè iṣẹ́ tó yẹ kó gbájú mọ́ lẹ́yìn JSS3. Ìbéèrè yẹn kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ti yunifásítì, JSS1 ni ilé ọ̀hún.