OLÓRIN ANOUMABO NÍ ALÁBÒÒJÚTÓ: ẸNI TÍ Ń ṢE SỌ́FÚWIÀ ŃKỌ́?

Bí a bá dárúkọ Anoumabo ní ìlú Àbíjàn, orin ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Abúlé àwọn Ébrié ni, ní agbègbè Marcory. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin Magic System ti dìde, níbẹ̀ náà ni A'salfo tí í ṣe olórí wọn sì ti dá àjọ̀dún orin FEMUA sílẹ̀ ní ọdún 2008. Ṣùgbọ́n ohùn dídùn nìkan kọ́ ni ó ń bọ́ olórin. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí à ń pè ní BURIDA, tí a dá sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọdún 1981. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba owó ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń fi iṣẹ́ olórin ṣòwò, kí ó sì pín in fún àwọn tí ó ni ín.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ń jà fún ọ̀dọ́ tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Anoumabo tàbí ní Koumassi, tí ó ń kọ sọ́fúwià, èyíinì ni àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé kí ó tó lè ṣírò owó ọjà, tàbí kí ó tó lè fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù? Òfin kò gbàgbé rẹ̀. Nínú Àdéhùn Bangui, tí Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù nínú àjọ OAPI jọ ń tẹ̀lé, a ka sọ́fúwià mọ́ iṣẹ́ ọpọlọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jí, gẹ́gẹ́ bí ìwé àti orin. Ṣùgbọ́n òfin tí kò ní alágbàwí, idà inú àkọ̀ ni. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi sọ́fúwià ṣòwò ni ó yẹ kí ó fa idà náà yọ.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Láyé àtijọ́, àwọn Parákòyí ni wọ́n ń ṣe àkóso ọ̀ràn òwò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Àbíjàn láti ayé àwọn bàbá wọn náà mọ̀ dájú pé ẹni tí ó dá nìkan dúró ní ìlú àjò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ bọ́ sọ́nù.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní ọdún 1988, ilé-iṣẹ́ 38 para pọ̀ láti dá ẹgbẹ́ Nasscom sílẹ̀. Àwọn tí ń da sọ́fúwià olónísọ́fúwià kọ láìsan kọ́bọ̀ ń jẹ èrè iṣẹ́ wọn run nígbà náà. Ẹgbẹ́ náà kò jókòó kí ó máa sunkún. Ó gbé ọ̀ràn náà lọ síwájú ìjọba. Nígbà tí a ṣe àtúnṣe òfin ibẹ̀ ní ọdún 1994, ó di pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ lo sọ́fúwià tí a jí dà kọ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n láti ọjọ́ 7 títí dé ọdún 3. A kò wí pé ẹgbẹ́ nìkan ni ó sọ Íńdíà di ohun tí ó dà lónìí, tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀ fi ń pa ju 200 bílíọ̀nù dọ́là lọ ní ọdún kan. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn kó ipa tiwọn. Ohun tí a ń wí ni pé ohùn wọn ṣọ̀kan kí ọrọ̀ náà tó dé.

Nàìjíríà náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ISPON, tí Chris Uwaje ti ṣe ààrẹ rẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ yìí ti ń ké pé kí a máa ra sọ́fúwià tí ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ṣe. Ní ọdún 2013, àjọ NITDA gbé ìlànà jáde láti ti ọjà abẹ́lé lẹ́yìn. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn báńkì ńlá wa ni ó ń lo Finacle àti Flexcube, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Íńdíà kan náà. Ọdún 2024 ni báńkì Sterling tó kó ìṣirò rẹ̀ kúrò lórí sọ́fúwià òkèèrè bọ́ sórí èyí tí a ṣe nílé. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwé ìlànà kì í dá rìn. Ẹgbẹ́ ní láti máa tẹ̀lé e lẹ́yìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì.

Ní Côte d'Ivoire, GOTIC jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó kó àwọn ilé-iṣẹ́ irú èyí jọ, àkókò tí ó sì yẹ kí ohùn rẹ̀ dún jù lọ nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba ṣe òfin láti ran àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lọ́wọ́. Ní ọdún 2025, àwọn agbowó-orí bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn oníṣòwò wọ inú ètò ìwé owó ọjà orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní FNE. Bí ẹgbẹ́ bá wà níbi tí a ti ń gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, tí ó sì tètè là á yé àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ́ Anoumabo lè ta sọ́fúwià fún ìyá aláṣọ ní Treichville ní iye tí apá rẹ̀ ká. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àjèjì ni yóò tà á. Ọjà náà kò sì mọ sí Àbíjàn: òfin ìṣirò owó kan náà ni orílẹ̀-èdè 17 inú àjọ OHADA ń lò. Sọ́fúwià ìṣirò tí a kọ dáradára ní Marcory lè ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, ní Lomé àti ní Dakar.

Ẹnìkan lè wí pé ọjà tí ó dára a máa ta ara rẹ̀. Lóòótọ́ ni, bí ẹni tí yóò rà á bá rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ fi ẹ̀rí ọdún púpọ̀ àti owó rẹpẹtẹ hàn, ẹnu ọ̀nà ni ọ̀dọ́ yóò dúró sí, bí ó ti wù kí ọpọlọ rẹ̀ pé tó.

Nítorí náà ni a fi ń kìlọ̀ pé kí irú ẹgbẹ́ yìí má ṣe di ilé oyè àwọn ọlọ́lá, tí owó ìwọlé rẹ̀ yóò ga ju orí ọmọ tálákà lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè kan ilẹ̀kùn mínísítà. Ọ̀dọ́ àdúgbò ni ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ìyá ọlọ́jà lẹ́sẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí owó ẹgbẹ́ wà ní ìwọ̀n agbára olúkúlùkù, kí àwọn kéékèèké sì ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ kó wọn pọ̀ láti jọ du iṣẹ́ tí ẹnìkan kò lè dá gbà. Ẹ̀kẹta, kí ó gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà tí a ta ọjà gbàrọgùdù fún, kí ó sì bá ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá jẹ̀bi wí ní gbangba, nítorí orúkọ burúkú ẹnìkan ni yóò ba ọjà gbogbo wọn jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá nìkan wà. Ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó sanwó fún sọ́fúwià òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ ilé kan ti ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rí àwọn aṣojú wa bá sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n bí iye iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba tí ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ ti tó. Bí wọn kò bá rí èsì fọ̀, ẹ tún padà lọ béèrè.