Àtè Kọ́ Ni Ká Fi Lẹ Ẹ̀rọ Mọ́ Ara

Àwọn ènìyàn gbà pé gọ́ọ̀mù tó bá lẹ̀ jù ló dára jù láti fi mú ẹ̀rọ dúró lára aláìsàn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta plásítà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtè ni wọ́n fi ń mú ẹyẹ, ta ló sì ń ro ti ìyẹ́ ẹyẹ nígbà tí wọ́n bá ń já a kúrò?

Ojú mi ni wọ́n ṣe tú plásítà dírípù lápá ìyá àgbàlagbà kan. Fàà! Awọ bá plásítà lọ. Àìsàn tó gbé màmá wá ti lọ tán kí egbò yẹn tó jinná.

Èépá òkè awọ ni gọ́ọ̀mù ń dì mú, ojoojúmọ́ sì ni ara ń bọ́ èépá yìí dànù. Bí gọ́ọ̀mù bá wá lágbára ju ohun tó so òkè awọ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, awọ ni yóò já. Ti arúgbó àti ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ló tètè ń já jù.

Gọ́ọ̀mù akirílíìkì ń rọra ṣàn wọ inú ìlà awọ, bó ṣe ń pẹ́ ló ń lẹ̀ sí i. Ó yẹ ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ara, tí yóò wà lára fún ọjọ́ 10 tàbí 14. Síbẹ̀, ní 2017, àwọn dókítà awọ ní Yúróòpù kọ̀wé pé èròjà isobornyl acrylate tó wà nínú ẹ̀rọ ṣúgà FreeStyle Libre nígbà náà ń mú kí ara àwọn kan yún wọn, kó sì lé. Gọ́ọ̀mù sílíkónì ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ sí i, èépá díẹ̀ ló ń bá a lọ. Òun ni kí ẹ lò fún ohun tí ẹ ó máa tú lemọ́lemọ́, àmọ́ kò lè gbé ẹ̀rọ tó wúwo pẹ́.

Wọ́n á ní, “Bó bá já bọ́ ńkọ́? Owó ńlá ni!” Òótọ́ ni, ẹ̀rọ wọ́n. Àmọ́ òrí àti ìpara tí a fi pa ara láàárọ̀ ló sábà ń tú u, tàbí òógùn. Ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ fi plásítà rírọ̀ tó fẹ̀ bo etí rẹ̀.

Tó bá di àtitú, ẹ kán òróró díẹ̀ sí etí plásítà, ẹ fi ìka kan tẹ awọ mọ́lẹ̀, kí ẹ rọra ká plásítà padà sẹ́yìn lórí ara rẹ̀. Ẹ má fà á sókè. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Wọn ò fún màmá yẹn ní ìṣẹ́jú méjì.