Ẹsẹ̀ Tó Jinná Kò Tíì Lágbára

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Idigny, bí orúnkún bá yẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ ṣẹ́, ẹ má ṣe kánjú padà sórí pápá. Michael Essien, ọmọ Gánà, fi orúnkún ṣèṣe ní oṣù kẹsàn-án 2008. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Chelsea, ní dókítà tirẹ̀. Síbẹ̀, oṣù kẹta 2009 ló tó padà gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ tó sinmi pẹ́ máa ń rù. Ẹ kọ́kọ́ rìn láìtiro, kí ẹ tó sáré díẹ̀díẹ̀. Ìdíje ló kẹ́yìn. Bó bá wú lọ́jọ́ kejì, ẹ dín in kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni oko ríro. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má pe wọ́n ní ọ̀lẹ: ẹni tó bá tún fara pa lè pàdánù gbogbo àkókò òjò.