Ọ̀rọ̀ Olùkọ́: Ìdánwò Tí Kì Í Ṣe Ti Ilé Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí a mú lóṣù yìí ni "ìdánwò". Ẹ mọ ti ilé ìwé. Àwọn àgbà máa ń pe ìṣòro náà ní ìdánwò. Ṣùgbọ́n oògùn pàápàá gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní myasthenia gravis. Ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ sí iṣan pé kó gbé ọwọ́, kó jẹun, kó mí. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó bá kòkòrò àrùn jà, ló ń ba ibi tí iṣan ti ń gba iṣẹ́ náà jẹ́. Ìpénpéjú á wálẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀, oúnjẹ á ṣòro láti gbé mì. Bí èèyàn bá sinmi, agbára á tún padà díẹ̀.

Ní 1934, ní ilé ìwòsàn St Alfege's ní Greenwich, Dókítà Mary Walker gún obìnrin kan tó ní àìsàn yìí ní abẹ́rẹ́ physostigmine, agbára rẹ̀ sì padà fún wákàtí díẹ̀. Inú esere ni oògùn náà ti wá, ẹ̀wà olóró ìhà Kàlàbá tí àwọn Efik fi ń dán ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wò. Ìdánwò ni òun náà!

Lónìí, ẹ̀rí ẹnì kan kò tó. Nígbà tí wọ́n ń dán oògùn tuntun kan, efgartigimod, wò, èèyàn 167 ló kópa. Àwọn kan gba oògùn gidi, àwọn yòókù gba èyí tí kò ní oògùn nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tó gbà, dókítà rẹ̀ náà kò mọ̀. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè 8: ṣé o lè jẹun? Ṣé o lè ya irun rẹ? Nínú àwọn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ọmọ ogun náà hàn lára wọn, 44 nínú 65 tó gba oògùn gidi ni ara wọn fúyẹ́. Nínú 64 tó gba èkejì, 19 ni. Ẹ wo 19 yẹn dáadáa: ara lè fúyẹ́ láìsí oògùn. Ìdí nìyẹn tí "ó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi" kò fi tó. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà ní oṣù Kejìlá 2021. Kì í wo àìsàn náà tán, ṣùgbọ́n ó ń dẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ìpénpéjú ọmọ bá ń wálẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kàwé, ẹ má yára pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí wọ́n bá sì pe ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín sí ìdánwò oògùn, ẹ béèrè kí ẹ tó kọ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó gbà: kí ni ewu rẹ̀? Ṣé a lè jáde nígbà tó bá wù wá? Àwa èèyàn dúdú kì í pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara tiwa náà ni oògùn ọ̀hún ń bọ̀ wá bá. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: "dán" àti "wò" máa ń fàyè sílẹ̀ láàárín ara wọn, bíi "dán oògùn wò". Ẹ fi ṣe gbólóhùn mẹ́ta, kí ẹ kà á fún àwọn òbí yín. Ó di oṣù tó ń bọ̀.